Òǹtẹ̀ Tí Ó Dorí Kodò

Oṣù kejìlá, ọjọ́ kẹta

Yìnyín àkọ́kọ́ tí kò yọ́ bọ́ sílẹ̀ lónìí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí bákan náà, nítorí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kò lè dúró sí etí odò títí láé. Àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́; àwọn nìkan ni ó yé mi tán, wọn kò sì tó láti fi ka ìwé àgbà. Níbi tí mo bá ti mọ àmì ńlá, èyí tí àwọn àgbà fi ń kọ̀wé, èmi yóò fi í síbẹ̀.

Nagumo wá ní òwúrọ̀. Òun ni olórí agbo ilé wa mẹ́sàn-án lọ́dún yìí. Ó jókòó sí etí pèpéle ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà, ó ní òun kò ní pẹ́. Ó ní gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ̀, ipò náà yóò kan ilé Kurosaka ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, àti pé ní ìpàdé ìparí oṣù kẹta, èmi ni n ó ka àwọn ọjọ́ iṣẹ́ ọdún tuntun sókè fún gbogbo ilé, tí n ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn olórí. Mo ní mo gbọ́. Mo bu tíì fún un. Tíì náà dà sórí pèpéle. Mo ní òtútù ni.

Ipò yìí ti kan ilé wa lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti di baálé. Ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, mo fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún mi, mo ní àáké ló yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fi ọwọ́ òsì la igi ìdáná fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì kí irọ́ náà má baà tú. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Toyo ìyàwó mi ló kà á, òun náà ló kọ orúkọ mi.

Toyo kú ní oṣù kẹjọ. Setsu, ọmọ wa, tí ó wà ní ìlú ńlá, kò mọ̀. Bí mo ti mọ̀, kò tún sí ẹnì kan lókè eèpẹ̀ tí ó mọ̀ pé Kurosaka Heikichi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, kò mọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló kù.

Oṣù kejìlá, ọjọ́ kẹfà

Ìwé kíkà àkọ́kọ́ ti Setsu wà nínú àpótí lábẹ́ aṣọ òtútù Toyo. Mo ti mọ àmì ńlá mọ́kànléláàádọ́rin. Fúnra mi ni mo kọ́ wọn láti ọdún pípẹ́: lára àpò ajílẹ̀, lára kàlẹ́ńdà, lára òkúta ibojì. Nítorí náà mo mọ iyọ̀, mo mọ iná, mo mọ ọdún, mo sì mọ èyí tí wọ́n ń kọ sí orí òkú. N kò mọ èyí tí wọ́n fi ń kọ ìdùnnú.

Toyo bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí òun kọ́ mi. Mo bínú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo fa aṣọ fèrèsé kí n tó jókòó. Orí àwo pẹrẹsẹ dúdú ni mo ti ń kọ ọ́: mo ti ìka bọ omi, mo kọ, ó gbẹ. Kò sí ẹ̀rí.

Oṣù kejìlá, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá Tokuzo, opó tí ilé rẹ̀ ṣáájú tiwa lọ́nà odò, gbé pátákó ìkéde wá. Bí pátákó náà ti ń rìn láti ilé dé ilé, baálé kọ̀ọ̀kan á kà á, á lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i pé òun ti kà á, á sì gbé e fún ẹnìkejì. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin yìí, bí Toyo wà nílé, bí kò sí, kò gbé pátákó wá rí kí ó má dúró sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa ráhùn nípa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Ó ní, “Wọ́n ní ká wá kó yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn ojúbọ ní ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ. Kí kálukú mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ dání. Ṣé ẹnì kan wà tó ń mú ṣọ́bìrì ẹlòmíì dání ni, Bàbá Setsu?”

Mo ní kò sí. Mo lu òǹtẹ̀, mo gbé pátákó náà lọ sí ilé Hirasawa tí ó tẹ̀lé mi.

Ẹnu rẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù nínú agbo ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wọ́n ní òun ló tan ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ Hirasawa ká títí ọmọbìnrin náà fi padà sí ilé bàbá rẹ̀. Bí Ìyá Tokuzo bá gbọ́ nípa mi, gbogbo àfonífojì yìí á gbọ́ kí ìrẹsì orí iná tó jinná.

Oṣù kejìlá, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo wọ bọ́ọ̀sì kọjá ìlú tí a ti ń nájà, mo lọ sọ̀kalẹ̀ ní ìlú kejì níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Mo ra ìwé àjákọ méjì, ọgọ́ta yẹ́nì ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìwé atúmọ̀ kékeré, irínwó ó lé ọgọ́rin. Ìyá tí ń tajà bi mí bóyá fún ọmọ-ọmọ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí kíláàsì tí ó wà. Mo ní kíláàsì kìíní. Ó ní ìwé atúmọ̀ tí mo mú yìí ti le jù fún kíláàsì kìíní. Mo ní orí rẹ̀ pé.

Ó bá mi yọ̀. N kò ní ọmọ-ọmọ.

Kẹrosíìnì ti tún wọ́n sí i. Sítóòfù yàrá kan ṣoṣo ni n ó máa tàn.

Oṣù kejìlá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yìnyín ti dé etí òrùlé ilé ìdáná. Mo kọ́ àmì mẹ́rin ní òwúrọ̀, mẹ́ta ti sá lọ kí n tó jẹun ọ̀sán.

Oṣù kìíní, ọjọ́ kejì

Òní ni ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn fi búrọ́ọ̀ṣì ṣí ìwé kíkọ ọdún. N kò ṣí i rí láyé mi. Ní ọdọọdún, n ó jókòó ti sítóòfù, n ó máa wo Toyo àti Setsu, n ó sọ pé ọwọ́ àgbẹ̀ le jù fún irú eléyìí.

Lónìí mo gbé òkúta tádàwà Toyo sílẹ̀ níwájú àwòrán rẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo lọ tádàwà títí ó fi dúdú. Mo kọ orúkọ mi, àmì mẹ́rin, nígbà ọgbọ̀n. Àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí igi wó lù. Ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún ṣì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí ó pé ọgbọ̀n dìde dúró bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Mo wò ó pẹ́. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mo ti ń jẹ́ orúkọ yìí tí n kò mọ ojú rẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ ọdún, nínú iná ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń sun ún. N kò lè tì í bọ sítóòfù bí ìdọ̀tí. Èmi yóò fi í pamọ́ sáàárín okùn koríko ọ̀ṣọ́ ọdún, èyí tí gbogbo ilé ń gbé lọ sínú iná kan náà. Ta ni yóò tú okùn wò?

Oṣù kìíní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ti bàjẹ́.

A dá iná sí etí pápá ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọdé ju ìwé àkọ́kọ́ tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bí ó ti ń fò. Èyí tí ó bá fò jù, ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò dára jù. Mo ju okùn koríko tèmi. Okùn náà tú lójú òfuurufú. Atẹ́gùn iná gbé ìwé náà kí ọwọ́ iná tó kàn án, ó yí lẹ́ẹ̀mejì lókè orí wa, gbogbo rẹ̀ funfun, gbogbo orúkọ mi lára rẹ̀, ó sì balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Ìyá Tokuzo.

Ó mú un. Ó gbé e súnmọ́ ojú títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, ó sì wò ó, kò yára. Lẹ́yìn náà èéfín bo ibẹ̀. N kò mọ ohun tí ó fi ìwé náà ṣe. N kò dúró jẹ ìrẹsì gígún tí wọ́n ń sun. Mo bá ẹ̀yìn pápá padà sílé, yìnyín dé orúnkún mi.

Oṣù kìíní, ọjọ́ kẹrìndínlógún

N kò jáde.

Oṣù kìíní, ọjọ́ kejìdínlógún

Tófù tí mo fi ń jẹ ìrẹsì ti tán, nítorí náà mo ní láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin méjì tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dákẹ́ bí mo ti wọlé. Nagumo kí mi lójú ọ̀nà, ó bi mí pé, “Ṣé ìmúrasílẹ̀ ń lọ, Olórí?” ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti yí ẹ̀rín náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Lójú mi, kì í ṣe ẹ̀rín lásán.

Oṣù kìíní, ọjọ́ kejìlélógún

Ìyá Tokuzo gbé pátákó wá. Ó nà án sí mi. Ó ní, “Ó tutù.” Ó lọ.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí a ti jẹ́ aládùúgbò, kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà títí yìnyín fi bo èjìká mi. Ó yé mi kedere: ó ń dán mi wò.

Mo fa aṣọ fèrèsé, mo gbé atúmọ̀ jáde. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wà lórí rẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó bá nílò irúgbìn ìrẹsì kọ iye àpò tí ó fẹ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí Nagumo kí oṣù yìí tó parí. Mo kọ ọ́: Kurosaka, àpò mẹ́ta. Mo lọ fi lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó ní, “Mẹ́ta. Ó dáa.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ fún ẹlòmíràn nìyẹn. Ǹ bá kọrin títí di alẹ́ bí kì í bá ṣe ohun tí ó tẹ̀lé e.

Nígbà tí mo padà dé, mo fẹ́ lu òǹtẹ̀. Mo wo ìwé tí àwọn òǹtẹ̀ ọdún tò sí lẹ́yìn pátákó. Nísinsìnyí tí mo ti mọ ojú orúkọ mi, mo wá a láàárín àwọn yòókù. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, ó dúró ṣánṣán: ọwọ́ Toyo nìyẹn. Láti oṣù kẹjọ tí ó ti kú, gbogbo òǹtẹ̀ Kurosaka ló dorí kodò. Gbogbo wọn, títí dé oṣù kejìlá. Àpá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi òǹtẹ̀ náà tí mo rò pé ehín eku ni. Òun ló ń fi orí hàn.

Ilé mẹ́jọ ti rí i láti oṣù mẹ́fà. Mo ti ń fi ewé bo kànga tí gbogbo ará ilé ń pọn.

Mo ronú bóyá kí n máa dorí rẹ̀ kodò lọ, nítorí bí ó bá dúró ṣánṣán lójijì, wọn á tún sọ ìyẹn. Mo jókòó tì í títí tíì mi fi tutù. Lẹ́yìn náà mo lù ú, orí lókè.

Oṣù kejì, ọjọ́ kẹrin

Àmì igba ó lé méjìlá. Òtútù mú omi inú páìpù dì. Setsu pè, ó ní ohùn mi ti há, ṣé mo ń jẹun. Mo ní mo ń jẹun. Ìwé kíkà sókè ló ń há ohùn mi, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́.

Oṣù kejì, ọjọ́ kọkànlá

Mo ń wá okùn nínú àpótí, mo rí àpò oògùn Toyo kan tí ó ṣẹ́kù. Mo kà á láìfi atúmọ̀ wò ó. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ṣáájú oúnjẹ ni mo máa ń fún un. Lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́rin. Obìnrin tí ó mọ̀wé ni. Àpò náà wà níwájú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mu ún, ó sì dúpẹ́.

N kò kọ́ nǹkan kan lónìí.

Oṣù kejì, ọjọ́ ogún

Pátákó dé. Ìyá Tokuzo kò tún sọ nǹkan kan. Wákàtí kan péré ni mo fi kà á: ọkọ̀ dókítà ehín ń bọ̀, wọ́n sì ń bẹ wá ká má da yìnyín òrùlé sójú ọ̀nà. Nígbà tí ó ń lọ, ó fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kí ó tó sọ̀kalẹ̀, ó sì di òpó ẹnu ọ̀nà mi mú. Mo rò pé ọ̀pá rẹ̀ ló gbàgbé.

Ó ti lé ní oṣù kan láti ọjọ́ iná, n kò sì tíì gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnì kankan. Èyí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó pẹ́ nínú ìkòkò ló ń hó jù.

Oṣù kẹta, ọjọ́ kẹsàn-án

Nagumo ti fún mi ní ìwé àwọn ọjọ́ iṣẹ́. Mo lè kà á. Mo ti kà á fún Toyo níwájú pẹpẹ nígbà ogún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ro ojú mẹ́rìndínlógún tí yóò máa wò mí, àwọn àmì náà á tú ká bí ẹyẹ tí a sọ òkò sí.

Mo ti pinnu. Èmi yóò lọ sọ fún Nagumo pé àyà ń dùn mí, kí ipò náà fo ilé mi. Bí ó bá fo ilé kan, wọn á fi àyè òfìfo sílẹ̀ nínú ìwé àwọn olórí, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ó sàn ju ẹ̀rín lọ.

Oṣù kẹta, ọjọ́ kẹtàlá

Yìnyín ń yọ́. Omi ń kán láti orí gbogbo òrùlé.

Mo múra láti lọ sí ọ̀dọ̀ Nagumo. Ní ẹnu ọ̀nà mi, Hirasawa bi mí bóyá èmi ni mo jókòó lé pátákó, nítorí ó yẹ kí ó ti dé ọ̀dọ̀ òun láti Ọjọ́bọ̀. Pátákó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Nítorí náà mo kọ́kọ́ yà sí ilé Ìyá Tokuzo.

Ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, pátákó wà lórí itan rẹ̀. Ó ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ojú mi lọ síbẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe: òǹtẹ̀ rẹ̀ dorí kodò.

Ó ní, “Bàbá Setsu, ẹsẹ̀ yín ni mo gbọ́ yẹn. Ẹ jókòó. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń wo nǹkan yìí. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá kùn ún. Kí ni wọ́n wí?”

Mo rò pé ọjọ́ tí ó ti ń dúró dè ló dé. Mo sọ ohun tí mo ti ń sọ láti àádọ́ta ọdún. Mo ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé.

Ó wá ní, “Ẹ ò ní awò ojú rí, Bàbá Setsu. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pariwo lẹ́nu ọ̀nà yín. Ọ̀fun mi ti rẹ̀ mí.”

Òun ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà. Ó rán mi létí ọdún tí Toyo lọ bí Setsu nílé àwọn òbí rẹ̀. Pátákó wá nígbà náà pé kí gbogbo ilé jáde fọ ojú omi oko, kòtò tí omi ń gbà dé oko ìrẹsì. Mo lu òǹtẹ̀ pé mo ti kà á, mo sì gba oko igi lọ ní ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn sọ pé Kurosaka gbéraga, pé ó kà á tán, ó sì kọ̀. Oṣù méjì ni wọn kò fi kí mi dáadáa. Mo rántí. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Ó ní, “Èmi wo òǹtẹ̀ yẹn. Mo ní agbéraga kì í fi orí ara rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti sọ ara mi di aláròyé. Ẹni tó ń ráhùn, ta ló máa ń bi í pé kí ló dé?”

Mo bi í bóyá Toyo mọ̀. Ó ní lọ́dọọdún ni Toyo ń gbé èso igi kákì gbígbẹ wá fún òun, àwọn tí ó tóbi jù lórí okùn. Toyo kò sọ ìdí rẹ̀. Òun náà kò bi í.

Mo wá bi í léèrè ìwé ọjọ́ iná. Ó rẹ́rìn-ín. “Imú ni mo fi kà á tán. Orúkọ yín ni mo rí, ọgbọ̀n ìgbà. Mo dá a padà sínú iná. Ó fò kọjá orí igi kédárì yẹn, ẹ̀yin ni ẹ ò dúró wò ó. Mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n panu mi mọ́. Ẹni tó ti ń rìn, bí a bá ń dì í lọ́wọ́ mú, a máa gbé e ṣubú.”

Mo jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ Hirasawa wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́nu ta ni mo ti gbọ́ pé òun ló tan án ká? N kò rántí. Mo kàn gbà á gbọ́.

Ó ti pátákó náà sí mi. “Ẹ kà á fún mi.”

Mo kà á. Ìpàdé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, aago kan ọ̀sán, gbọ̀ngàn abúlé, kí kálukú mú ìjókòó rẹ̀ wá. Ohùn mi ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí mo ti kàwé fún rí. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ìjókòó kẹ̀. Wọn ò lè ra ìjókòó,” gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa ojú òun. Bí Tokuzo bá gbọ́, á wá gbé òun lọ sí ìlú ńlá, sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri. Mo sọ fún un pé dókítà ojú wà ní ìlú kejì, mo mọ bọ́ọ̀sì tí ń lọ síbẹ̀, a ó jọ lọ bí yìnyín bá ti kúrò lójú títì. Ó ní òun gbọ́. Mo ṣèlérí pé ẹnu mi kò ní sọ ọ́.

Kí n tó jáde, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n tún òǹtẹ̀ rẹ̀ lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ṣì lù.

N kò dé ọ̀dọ̀ Nagumo.

Oṣù kẹta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gé irun mi. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì Toyo. N kò lè jẹun.

Oṣù kẹta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Gbogbo ilé pé. Ìyá Tokuzo di apá mi mú wọlé, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé yìnyín yíyọ́ ń yọ òun lẹ́sẹ̀. Mo fi í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

Nagumo pè mí. Mo dìde. Mo ka fífọ ojú omi, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin. Mo ka ọdún ojúbọ. Mo dé ẹ̀kẹta, mo sì wòye pé ẹnì kan ti dẹ́kun ikọ́ rẹ̀ láti gbọ́ mi dáadáa. Àmì náà tú ká. Mo wo ìwé, funfun ni gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ bí kẹrosíìnì ti ń jó. Nagumo gbé ojú sókè.

Ìyá Tokuzo mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ o, bó bá jẹ́ títún ọ̀nà òkè ṣe ló kàn gẹ́gẹ́ bí ti ọdọọdún, kí wọ́n má fi mí sídìí òkúta bíi ti èṣí. Ẹ̀yìn mi ò tíì gbà.”

Hirasawa dá a lóhùn pé òkúta méjì ló gbé, igba ló fi kígbe. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín náà mo wo ìwé, ó sì wà níbẹ̀, ọ̀nà òkè, ó dúró dè mí bí ó ti wà láti àárọ̀. Mo kà á. Mo ka méje tí ó kù. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́, nítorí kò sí ìdí tí wọn yóò fi pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó ka ọjọ́ iṣẹ́. Ìyẹn ni ohun tí mo fẹ́.

Wọ́n ṣí ìwé àwọn olórí. Orúkọ bàbá mi wà níbẹ̀, akọ̀wé kan ló bá a kọ ọ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní: ọwọ́ Toyo. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ tádàwà, mo kọ ẹ̀kẹta sábẹ́ wọn. Ó tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, ìlà ìkẹyìn sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò dára. Èmi ni mo kọ ọ́.

Oṣù kẹrin, ọjọ́ kìíní

Ilẹ̀ dúdú ti hàn lábẹ́ igi kákì. Mo kọ ìkéde mi àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀, mo ba ìwé méjì jẹ́ kí ẹ̀kẹta tó gbà. N kò fa aṣọ fèrèsé.

Olórí ló ń yan ilé tí pátákó yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé Ìyá Tokuzo. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níta gbangba, níbi tí ẹni tí ń lọ lójú ọ̀nà lè gbọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé fífọ ojú omi ti di ọjọ́ kẹtàdínlógún, aago méje òwúrọ̀, pé ta ló ń jí ní irú aago bẹ́ẹ̀, pé kí kálukú mú ọkọ́ tirẹ̀, bí ẹni pé a máa ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ.

Ó jáde wá, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Ó ní, “Ẹnu yín ti ń pọ̀ jù, Bàbá Setsu.”

Ó na òǹtẹ̀ rẹ̀ sí mi. Mo fi àtàǹpàkò wá àpá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí mo fi kàn án, mo yí i kí orí rẹ̀ wà lókè, mo sì lù ú.